Ohùn Fọlábí Lọ́fun Láyíwọlá

Láyíwọlá kì í gba ìpè ìyá rẹ̀ nínú ilé. Gáréèjì ló máa ń bọ́ sí, á wọ inú ọkọ̀ rẹ̀, á ti ilẹ̀kùn, á wúkọ́, á rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá wí pé, “Àbẹ̀kẹ́ mi, ṣé dáadáa lẹ jí?” Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní ọmọ tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ nìyẹn. Ó kúkú fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tó rín yẹn kì í ṣe tirẹ̀, òun kọ́ ló sì máa ń pe ìyá rẹ̀ ní Àbẹ̀kẹ́. Fọlábí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ni méjèèjì, Fọlábí sì ti bá omi lọ ní Houston lọ́dún 2017, nígbà tí ìjì tí wọ́n ń pè ní Harvey jà.

Ẹ fara balẹ̀, ẹ má tíì pè é ní òpùrọ́. Èmi náà tí mò ń sọ ọ́ yìí, inú rẹ̀ kọ́kọ́ bí mi gan-an kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà délẹ̀. Ọmọlúàbí ni Láyíwọlá. Ilé ìwòsàn kan ní Dallas ló ti ń ṣiṣẹ́, àwọn tí èémí wọn kò já gaara ló sì ń tọ́jú. Òun ló ń fi ẹ̀rọ sí imú ẹni tí kò lè mí fúnra rẹ̀. Mesquite ni òun àti ìyàwó rẹ̀ Mojíbọ́lá àti ọmọbìnrin wọn Bólúwatifẹ́ ń gbé. Mojíbọ́lá ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Frisco, a sì máa bú freeway, ọ̀nà márosẹ̀ wọn, láti ilé títí dé ẹnu iṣẹ́. Bí ẹ bá rí wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, ẹ ó ní Ọlọ́run ti ṣe tiwọn tán. Ẹ ò ní mọ̀ pé òkú kan wà láàárín wọn tí wọn kò jẹ́ kó kú. Mojíbọ́lá máa ń wọ aṣọ àwọ̀ ewé, ọkọ rẹ̀ sì máa ń gbé Bíbélì àwọn méjèèjì dání.

Bí Fọlábí ṣe kú nìyí. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Houston. Kò níyàwó, kò bímọ, ẹ̀rín ló ní. Nígbà tí òjò ìjì náà bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dúró ti àwọn arúgbó náà, ó ń gbé wọn láti yàrá dé yàrá bí omi ṣe ń wọlé. Nígbà tí ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀ dé, ó wọ mọ́tò, ó ní òun ń lọ sílé lọ sùn. Abẹ́ afárá kan ló gbà, omi sì ti kún ibẹ̀. Nínú mọ́tò yẹn ló ti pe àbúrò rẹ̀.

“Àbúrò, omi ti yí mi ká o.” Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín, ẹ gbọ́ mi. “Má sọ fún Màmá. Tí o bá sọ fún un, kò ní sùn.”

Láyíwọlá ń pariwo pé kó fọ́ gíláàsì, kó gun orí mọ́tò. Ó gbọ́ omi. Lẹ́yìn omi, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó pè é títí, fóònù náà ń dún, nígbà tó yá kò dún mọ́.

Ìyá wọn wà ní Ìsẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà, ojú rẹ̀ méjèèjì sì ti fọ́. Àbúrò ìyá náà, Bàbá Adébóyè, tó jẹ́ olórí ẹbí, pe gbogbo wọn jọ sórí fóònù, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́. Ó ní bí wọ́n bá sọ ọ́, òkú méjì ni àwọn máa sin. Ẹ̀yin náà mọ bá a ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa: a kì í ju ikú ọmọ lu ìyá ọmọ lójú. Àwọn àgbà á kó ara wọn jọ láàárọ̀, wọ́n á jókòó, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ yípo yípo títí ìyá náà á fi gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Wọ́n dá ọjọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá gbéra. Wọ́n sún ọjọ́ síwájú. Wọ́n tún sún un. Bàbá Adébóyè náà kò fẹ́ jẹ́ ẹni tí ó máa kọ́kọ́ la ẹnu.

Láàárín ìyẹn, Láyíwọlá ti ní kí ilé iṣẹ́ fóònù gbé nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sórí fóònù mìíràn, kó lè rí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá sọ̀rọ̀. Orí nọ́ńbà yẹn ni Màmá pè sí. Ọ̀gbẹ́ni yìí ti sunkún títí ọ̀fun rẹ̀ fi wú. Ó gbé e, kò tíì sọ̀rọ̀, Màmá sì ti ní, “Àlàó? Àlàó mi, ṣé ìwọ nìyẹn? Wọ́n ní omi gba ìlú yín, mo ti ń pè ọ́!”

Àlàó ni oríkì Fọlábí. Àyìndé ni ti Láyíwọlá. Kí lẹ rò pé ó yẹ kó sọ? Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ kẹ́yìn láyé ṣì wà létí rẹ̀. Ó gbìyànjú ẹ̀rín kékeré kan. Ó ní, “Èmi ni, Àbẹ̀kẹ́ mi.”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ kan, ó ní òun máa fi í sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di ọdún, ọdún ń gorí ọdún. Màmá á gbàdúrà ìyàwó fún Fọlábí, Láyíwọlá á ṣe àmín. Màmá tilẹ̀ bá a wá ọmọbìnrin kan ní Ìsẹ́yìn, olùkọ́ ni, Láyíwọlá sì wá àwáwí títí ọmọ ọlọ́mọ fi lọ́kọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in. Mojíbọ́lá rín in nígbà yẹn, kò rín in mọ́.

Èyí tó burú jù ni pé kò lè fi ohùn ara rẹ̀ pè é. Ó gbìyànjú ẹ̀. Bí Màmá bá ti ní, “Àyìndé, ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́?” á sáré gé ìpè náà. Ìgbà tó bá jẹ́ Fọlábí, kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè Fọlábí. Ara á tù ú. Nítorí náà, kò fi orúkọ ara rẹ̀ pè mọ́. Bí Màmá bá béèrè Àyìndé lọ́wọ́ Àlàó, á ní, “Ó wà níbi iṣẹ́.” Nígbà mìíràn á ní, “Ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó ní kí n kí yín.” Màmá á ní ó dáa.

Mojíbọ́lá ló kọ́kọ́ rí ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe fún un. Ọkọ rẹ̀ tó fẹ́ràn ṣúgà kò fi ṣúgà sí tíì mọ́, bí Fọlábí ṣe máa ń mu ún. Ó ń rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn ọ̀rọ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, kì í gba abẹ́ afárá kankan. Á fi wákàtí lọ yípo gbogbo ìlú kó tó délé. Bí ìgbà ooru bá sì ti dé, tí wọ́n bá ń sọ ọ̀rọ̀ ìjì lórí tẹlifíṣọ̀n, kò ní lè jẹun. Ní ọjọ́ kan Mojíbọ́lá bú sẹ́kún ní kíṣìnnì, ó ní, “Daddy Tifẹ́, ẹ̀rù ń bà mí. Nígbà míì tí o bá wọlé, mi ò mọ èwo nínú yín ló wọlé.” Ọkọ rẹ̀ ní kó má sọ ìsọkúsọ.

Lọ́dún yìí wàyí, ìjì mìíràn tún gbéra nínú òkun lápá gúúsù. Ẹ̀fúùfù kò tíì dé Dallas, àwọn èèyàn ló kọ́kọ́ dé. Freeway tó wá láti etí òkun kún fọ́fọ́ fún mọ́tò tí wọ́n di mátírẹ́ẹ̀sì mọ́ lórí, ajá ń yọjú ní fèrèsé, àwọn ọmọdé ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn ń kó omi inú ike àti aṣọ ìbora jọ. Wọ́n gbé bàbá arúgbó kan wá sí ilé ìwòsàn láti Galveston létí òkun, èémí rẹ̀ ń fẹ́ tín-ín-tín. Nígbà tí Láyíwọlá ń fi ẹ̀rọ sí i nímú, bàbá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì fẹ́ jù ú sílẹ̀. Ó ń béèrè ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Nọ́ọ̀sì ní ọmọ náà ń bọ̀ lẹ́yìn. Láyíwọlá wo ojú nọ́ọ̀sì náà, ó sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Ó jáde, ó lọ dúró ní ilé ìtọ̀.

Ọjọ́ yẹn kan náà ni Fèyísọ́lá pè sórí nọ́ńbà Fọlábí. Fèyísọ́lá ni ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, òun ló ń gbé ti Màmá, tó ń sìn ín. Ó ní kókó inú ikùn Màmá ti tóbi, wọ́n sì ti fún un lọ́jọ́ ní Ìbàdàn pé kó wá fún iṣẹ́ abẹ. Dókítà ní bí wọn kò bá yọ ọ́ nísinsìnyí, kò ní ṣe é yọ mọ́. Ṣùgbọ́n Màmá ní òun kò lọ.

“Kí ló dé tí kò lọ?”

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn fúnra yín.”

Màmá gba fóònù. Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín, àmọ́ ó ṣì le. “Àlàó, mo gbọ́ lórí rédíò pé ìjì tún ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Kí n tó sùn sábẹ́ ọ̀bẹ, mo fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀yin méjèèjì. Lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwọ àti Àyìndé. Ọjọ́ Sunday, tí ẹ bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Bí mi ò bá gbọ́ ọ, kí dókítà kó ọ̀bẹ rẹ̀ sápò.”

Wàhálà dé. Bàbá Adébóyè, nígbà tí wọ́n fi tó o létí, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Ṣe ohùn méjèèjì. O kúkú ti ń ṣe ọ̀kan.” Ẹ ò rí àgbàlagbà! Mojíbọ́lá ní tòun, kó sọ òótọ́ kí gbogbo wọn sinmi. Láyíwọlá ní, “Kó wá kú sí mi lọ́rùn? Ẹ̀jẹ̀ ríru, kókó inú ikùn, kí n tún wá fi ikú Fọlábí lé e?” Ó ní òun á ṣe ohùn méjèèjì. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, bí ara bá ti mókun, àwọn àgbà á wá sọ ọ́ bó ṣe yẹ.

Ó wọ inú mọ́tò lọ dánra wò. Ti Fọlábí kò nira. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àbẹ̀kẹ́ mi,” ohùn náà jáde kedere. Ó wá fẹ́ ṣe tara rẹ̀. Ó ní, “Màmá, èmi ni.” Ẹ̀rín Fọlábí ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Ó tún un ṣe. Ẹ̀rín náà tún jáde. Ó fi ọwọ́ di ẹnu, ó jókòó síbẹ̀ nínú òkùnkùn gáréèjì, ẹ̀rù ara rẹ̀ sì bà á.

Ọjọ́ Sunday pé. Ìjì náà ti gun etí òkun ní òwúrọ̀, ìrù rẹ̀ sì ti gùn dé Dallas. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ ní kí gbogbo ìjọ dìde dúró fún àwọn tó wà ní etí òkun, àwọn èèyàn ń ké, àwọn obìnrin kan ń sunkún. Láyíwọlá bá wọn dìde. Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, òjò ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò le, kò sì dá. Omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lójú pópó. Ó gba ọ̀nà jíjìn, ó yẹra fún gbogbo afárá, Mojíbọ́lá kò sì bá a jà. Nígbà tó bọ́ sí gáréèjì pẹ̀lú fóònù méjèèjì, Mojíbọ́lá ṣí ilẹ̀kùn kejì, ó jókòó tì í. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Láyíwọlá pè, Màmá sì gbé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. “Àlàó?”

“Àbẹ̀kẹ́ mi,” ló wí, pẹ̀lú ẹ̀rín. “A ti dé o.”

“Àyìndé ńkọ́?”

Ó gbé fóònù tirẹ̀, tó ti so mọ́ ìpè náà, sétí, ó pa ojú dé, ó gbé ohùn sókè díẹ̀. Ó ní, “Màmá, èmi rèé. Èmi Àyìndé.”

Òjò ń dún lórí òrùlé gáréèjì.

“Àlàó,” ni Màmá wí, jẹ́jẹ́, “fi í sílẹ̀ báyìí. Ó tó.”

“Màmá...”

“Mo ní ó tó, ọmọ mi. Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. ‘Ó wà níbi iṣẹ́.’ ‘Ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀.’ ‘Ó ní kí n kí yín.’ Ta lẹ fẹ́ fi ìyẹn tàn? Nígbà tí ọmọ Oyèrónkẹ́ tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa kú ní Èkó, èmi gan-an wà lára àwọn tó ń sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ wà níbi iṣẹ́. Bákan náà la ṣe sọ ọ́. Ojú mi ló fọ́, etí mi kò di. Ìjì àkọ́kọ́ yẹn ló pa Àyìndé. Gbogbo ìpè kéékèèké tó pè lẹ́yìn rẹ̀, ìwọ lo pè é. Mo gbọ́ ẹkún nínú rẹ̀.”

Láyíwọlá yíjú. Ó wo Mojíbọ́lá. Mojíbọ́lá ti fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí mú.

Ó wá bọ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Èmi ni Láyíwọlá. Mi ò kú. Fọlábí ló kú. Èmi ni mo ń ṣe ohùn rẹ̀ látọjọ́ yìí, ẹ dárí jì mí. Èmi ni Àyìndé!”

“O ò ní kú!” ni Màmá kígbe. “Má fi ẹnu ara rẹ pe ikú sórí ara rẹ! Wọ́n ní kí o ṣe ohùn rẹ̀ fún mi, o ṣe é, kò jọ ọ́. Ohùn Àyìndé kì í rí báyìí.”

Kí Màmá lè gbà á gbọ́, ó sọ ti ìgbà tó já bọ́ láti orí igi ìbẹ́pẹ, tí òun àti Màmá fi pa mọ́ fún bàbá wọn. Màmá ní, “Orí ẹní kan náà lẹ jọ ń sùn. Kí ló fi pa mọ́ fún ọ?” Láyíwọlá ní kí Fèyísọ́lá ṣí fídíò, kó wo òun lójú. Fèyísọ́lá ṣí i, ó wò ó, ó bú sẹ́kún, ó ní, “Màmá, Bọ̀ọ̀dá Láyíwọlá ni o. Ojú wọn ni mò ń wò yìí.” Màmá rẹ́rìn-ín ìbànújẹ́ kan. Ó ní, “Wọ́n ti kọ́ ìwọ náà.”

Ni Mojíbọ́lá bá gba fóònù. “Màmá, èmi ni, Mojíbọ́lá. Ẹ gba èmi gbọ́. Ọkọ mi ló ń bá yín sọ̀rọ̀.”

Ohùn Màmá rọ̀ pátápátá. “Ìyàwó mi. Mo mọ̀ pé ọkọ rẹ ni nísinsìnyí. Ṣé o rò pé màá bínú? Mo ti ń sunkún rẹ láti ọjọ́ yìí, opó kékeré báyìí, pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Ìgbà tí Àlàó kọ̀ tí kò fẹ́yàwó, tí mo sì ń gbọ́ ohùn Bólúwatifẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó bá ń pè mí, mo ní, ìyẹn náà ni, ó ti ṣú opó àbúrò rẹ̀. Ó ṣeun. Ilé kò tú.”

Fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Mojíbọ́lá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ ti kú yìí, ọkọ náà sì jókòó tì í, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́ ibí yìí, mi ò purọ́, àmọ́ mi ò mọ ẹni tí màá bínú sí.

Màmá ní, “Fún Àlàó ní fóònù.” Nígbà tó gbọ́ èémí rẹ̀, ó ní, “Gbọ́. Mi ò fẹ́ gbọ́ ohùn méjì mọ́. Gbogbo ayé ń parọ́ fún mi nítorí mo fọ́jú. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó sọ òótọ́ fún mi kí wọ́n tó gbé mi wọlé. Sọ ọ́ fún mi pé àbúrò rẹ kú, kí n lè sunkún rẹ̀ ní gbangba bí ìyá gbogbo. Bí o bá sọ ọ́, màá lọ sí Ìbàdàn. Bí o kò bá sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n kú sílé mi.”

Láyíwọlá gbé orí lé ìdarí ọkọ̀. Omi ń ṣàn gba abẹ́ ilẹ̀kùn gáréèjì wọlé, díẹ̀díẹ̀, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ táyà. Ó ń wò ó. Mojíbọ́lá ń mi orí pé rárá, rárá, ó di apá rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ń mí létí rẹ̀, èémí arúgbó tó ti rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó má jẹ́ kí èémí dá.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Àbẹ̀kẹ́ mi,” ló wí. “Omi ló gbé e lọ. Nínú mọ́tò rẹ̀.”

Màmá ké. Igbe tó ti wà nínú rẹ̀ látọdún yẹn ni, ó gùn, Fèyísọ́lá náà ń bá a sunkún lẹ́yìn. Láyíwọlá gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sunkún òun. Nígbà tó rọlẹ̀, Màmá ní, “Ṣé o bá a sọ̀rọ̀? Kí ló sọ kẹ́yìn?”

“Ó ní kí n má sọ fún yín. Ó ní tí mo bá sọ ọ́, ẹ kò ní sùn.”

“Ọmọ mi nìyẹn,” ni Màmá wí. “Ọmọ mi gan-an nìyẹn. O ṣeun, Àlàó. Màá lọ. Ọlọ́run á dá ìwọ sí fún mi.”

“Àmín, Àbẹ̀kẹ́ mi.”

Ìpè náà parí. Òjò ṣì ń rọ̀. Mojíbọ́lá kò pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Bólúwatifẹ́, ṣùgbọ́n ó pè é lọ́jọ́ náà. Ó ní, “Láyíwọlá.” Kò dáhùn. Ó gbá a lápá, ó tún pè é, ó pariwo rẹ̀, “Láyíwọlá!”

Ọkùnrin náà yíjú sí i. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀, kó tó wá ní, “Hẹ̀n-ín?”